Ọwọ́ Tí Wọ́n Rán Mọ́ Ikùn

Àwọn tó wẹ òkú bàbá bàbá mi ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Alàgbà kan nínú wọn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìkòtún, ó ń nu ọwọ́, ó wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Ẹ má bínú o. Kí ló ṣe ọwọ́ ọ̀tún Bàbá? Irun tó wà lẹ́yìn ọwọ́ yẹn kì í ṣe irun ọwọ́. Àpá gbàǹgbà kan sì wà níkùn wọn, bí ibi tí télọ̀ ti gé aṣọ."

Àwọn ọmọ-ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn mi ń wo ara wọn. Bàbá tó ti darúgbó ni wọ́n mọ̀, tó máa ń fi ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n gé lórí bo ọwọ́ náà nígbà ọyẹ́. Ìyá Àgbà ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Nínú gbogbo wa tó jókòó níbẹ̀, èmi nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀. Mo sọ ọ́ ní ṣókí fún alàgbà náà. Ó mirí, ó padà wọlé lọ parí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ yìí.

Làmídì ni orúkọ Bàbá Àgbà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, bíríkìlà ni. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ irú ènìyàn tó jẹ́, kó kọ́kọ́ mọ̀ pé kò lè jókòó. Ìdúró ló fi ń jẹun. Á bu òkèlè kan, á rìn dé ẹnu ọ̀nà, á yọjú wo òjò, á padà wá bu òmíràn. Bí ènìyàn bá ń bá a sọ̀rọ̀, á ti dáhùn kí onítọ̀hún tó sọ ọ́ dé ìdajì. Ojoojúmọ́ ni Ìyá Àgbà ń bá a jà lórí oúnjẹ.

"Bàbá Múfú, ṣé ọlọ́pàá ń lé yín ni? Ẹ jókòó kí oúnjẹ mọ ibi tó máa gbà."

"Ìjókòó kì í kọ́lé." Ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́.

Àsìkò náà sì bá a lára mu. Owó epo ti dé, gbogbo ayé ń kọ́lé. Ibi tó jẹ́ oko ẹ̀gẹ́ ní Ẹ̀gbẹ́dá lónìí, tó bá fi máa di oṣù tó ń bọ̀, wọ́n ti ta okùn síbẹ̀, wọ́n ti gbẹ́ ìpìlẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n fi kún owó oṣù rẹ̀ ra ilẹ̀, oníṣòwò ra ilẹ̀, ẹni tí kò tíì mọ ohun tó fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe náà ra ilẹ̀. Ọkọ̀ sìmẹ́ńtì ń ti Apápá bọ̀ wìtìwìtì, eruku pupa ọ̀nà Ìgandò kò sì ní tíì balẹ̀ kí òmíràn tó dé. Gbogbo wọn ló fẹ́ wà lábẹ́ òrùlé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Lójú Bàbá Àgbà, ó dà bíi pé ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá òun rìn bó ṣe yẹ ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ó ń fi ìkánjú ba iṣẹ́ jẹ́ o. Ní ọjọ́ kan, mo gbé omi lọ fún un níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé akọ̀wé báńkì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti to ògiri kan nígbà tí kò sí níbẹ̀, ikùn ògiri náà sì yọ síta. Bàbá wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó gbẹ́sẹ̀ lé e, ó tì í. Gbogbo rẹ̀ wó lulẹ̀ gbì. Akọ̀wé náà sáré wá, ó káwọ́ lérí.

"Bàbá! Ògiri mi lẹ wó yẹn!"

"Ògiri yín kọ́," ni Bàbá wí, ó ti ń ká búlọ́ọ̀kù kúrò nílẹ̀. "Àṣìṣe mi ni. Ẹ jẹ́ kí n kó o kúrò níwájú yín."

Àìlèdúró yìí náà ló mú un. Onílé kan lọ́nà Ìgandò háyà ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré, nítorí ó ti sú u láti máa wo àwọn tó ń fi ṣọ́bìrì pò ó. Òkúta kan há sí ibi tí ṣéènì ẹ̀rọ náà ti ń yí. Ọmọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n pa á ná." Bàbá ní kí ló dé tí wọ́n á fi pa ohun tí wọ́n tún máa tàn. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Òkúta náà jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣéènì mú ọwọ́ aṣọ rẹ̀, ó sì fa ọwọ́ rẹ̀ wọlé. Kí wọ́n tó pa ẹ̀rọ náà, ó ti bó gbogbo awọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń bó èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì ti fọ́ ọmọńdinrín àti ìka tó tẹ̀lé e.

Ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n fi ń gbé e lọ sílé ìwòsàn gba iwájú ilé wa kọjá. Ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ló dúró sí. Wọ́n ní kó jókòó, kò gbà. Wọ́n ti fi ẹ̀wù di ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e sókè, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wá sí ìgúnpá. Ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó pariwo sí mi láti orí ọkọ̀ pé, "Àbẹ̀kẹ́, sọ fún ìyá rẹ àgbà kó má dáná dè mí."

Ilé ìwòsàn ńlá kan nígboro Èkó ni wọ́n gbé e lọ. Wọ́n gé ìka méjì tó fọ́ náà. Dókítà tó kọ́kọ́ rí i ní kí wọ́n gé ọwọ́ náà láti ọrùn ọwọ́, nítorí egungun ti hàn síta, kò sí awọ tó máa bò ó. Ìyá Àgbà ló sọ ohun tó tẹ̀lé e fún mi, léraléra, títí tó fi dà bíi pé èmi náà wà níbẹ̀. Ó ní dókítà mìíràn dé, ọkùnrin gíga kan tó ń rọra sọ̀rọ̀, ó fa àga sún mọ́ ibùsùn, ó jókòó.

Ó ní, "Bàbá, ọ̀nà kan ṣì wà. A lè bu awọ láti ikùn yín fi bo ọwọ́ yìí. Ṣùgbọ́n a ò ní já a kúrò lára ikùn. Bí a bá já a gbé sórí egungun báyìí, ebi á pa á, á kú, nítorí kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ tó máa bọ́ ọ. A máa gé e ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, a máa fi ẹ̀gbẹ́ kẹrin sílẹ̀, a ó wá rán ọwọ́ yín mọ́ ọn."

"Ẹ fẹ́ rán ọwọ́ mi mọ́ ikùn mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ikùn á máa bọ́ awọ náà. Nígbà tó bá yá, iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun á hù láti ara ọwọ́ wọ inú rẹ̀. Ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ ọ fúnra rẹ̀. Ìgbà náà la óò tó já a lára ikùn."

Bàbá bi í pé, "Báwo ni ọwọ́ ṣe máa mọ̀ pé ó yẹ kóun bọ́ ọ?"

Ìyá Àgbà ní dókítà náà tún wo ọwọ́ náà. Ó ní, "Ẹ̀dá ayé ò tíì mọ ìyẹn tán, Bàbá. A kàn mọ̀ pé ó máa ń mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ fà á o. Iṣan tó ń hù yẹn tín-ín-rín ju òwú aláǹtakùn lọ. Bí ẹ bá fà á, á já."

"Ṣé mo lè máa rìn káàkiri?"

"Ẹ ò lè rìn, ẹ ò sì lè yí ẹ̀gbẹ́ padà fúnra yín. Ẹ máa dúró jẹ́ẹ́ ni."

Ìyá Àgbà ní òun bú sẹ́kún nígbà náà. Kì í ṣe nítorí ọwọ́. Ó mọ ẹni tóun fẹ́. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ wo òrùlé yàrá náà títí, ó ní, "Ẹ rán an."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo bá Ìyá Àgbà lọ kí i, ẹ̀rù bà mí. Wọ́n ń pààrọ̀ báńdéèjì rẹ̀ lọ́wọ́. Mo rí i pé awọ ikùn rẹ̀ ṣí bí ìlẹ̀kùn kékeré, ìlẹ̀kùn náà bo ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì ti fi òwú dúdú rán an yí ká. Okùn aṣọ fífẹ̀ ni wọ́n fi de apá rẹ̀ mọ́ra. Bàbá tó máa ń rìn jẹun dùbúlẹ̀ gbalaja, òógùn bò ó lójú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń mì. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ní kó dá a dúró, ìyẹn náà dúró.

Ìyá Àgbà ló ń fún un lóúnjẹ. Lára ohun tí mo rántí jù nìyẹn, nítorí ó ń gbádùn rẹ̀. Á bu ṣíbí kan, á fẹ́ ẹ, á dúró kó gbé e mì tán pátápátá. Bàbá á lajú sí i pé kó ṣe kíákíá. Á ní, "Ẹ rọra, Bàbá Múfú. Oúnjẹ ń wá ọ̀nà lọ." Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ọjọ́ náà.

Ìrun ló dùn ún jù. Ọkùnrin kan tó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bi í pé ṣé ìrun ẹni tí kò lè tẹ̀, tí kò lè forí kanlẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ikùn rẹ̀, tọ́. Ojú ni Bàbá fi ń kí i. Á rọ ìpéǹpéjú sílẹ̀ bíi pé ó tẹ̀, á tún là á. Ó dá ọkùnrin náà lóhùn pé, "Ọlọ́run mọ ibi tí ọwọ́ mi wà."

Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni Bàbá Ràfíù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti gbọ́ nílé pé àwọn dókítà Èkó rán àbúrò òun mọ́ ara rẹ̀. Ó ti háyà ọkọ̀, ọkọ̀ náà wà nísàlẹ̀. Nígbà tó rí ohun tó wà lábẹ́ aṣọ ìbora, ó fa sẹ́yìn.

"Làmídì, dìde ká máa lọ sílé. Níbi tí wọ́n ti bí wa, wọn kì í rán ènìyàn bí àpò."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrìn. Mi ò ní dìde."

"Èmi ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀!"

"Mo gbọ́ yín, Ẹ̀gbọ́n. Mi ò ní dìde."

Bàbá Ràfíù na ọwọ́ sí okùn aṣọ tí wọ́n fi dè é. Ìyá Àgbà kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́ sáàárín àwọn méjèèjì, ó di ẹsẹ̀ ibùsùn mú. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ dákun. Tí ẹ bá fẹ́ fà á, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ fà kúrò níbí." Bàbá Ràfíù dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lókè, kò mọ ibi tó máa gbé e sí.

Bàbá Àgbà wá sọ̀rọ̀ láti orí ibùsùn, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, láti kékeré wa, ṣé ẹ rí mi níbi tí mo jókòó sí rí? Òní nìkan. Ẹ wá bá mi jókòó."

Bàbá Ràfíù jókòó. Ó fi agbádá bojú. Awakọ̀ tó wà nísàlẹ̀ fọn fèrè títí, ó sú u, ó lọ.

Lọ́jọ́ mìíràn, mo gun àpótí lọ wo ọkọ̀ láti ojú fèrèsé tó wà lókè ibùsùn rẹ̀. Àpótí yẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo fi iwájú orí gbá ẹsẹ̀ tábílì onírin, ẹ̀jẹ̀ bò mí lójú. Ìyá Àgbà ti lọ pọnmi. Bàbá ló sún mọ́ mi jù; bó bá nawọ́, á kàn mí. Kò sí ọmọ tí í sunkún nílé wa tí kì í tètè gbé. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ fò sókè. Èjìká náà nìkan ló fò. Ọwọ́ kò kúrò níbi tó wà. Ó pariwo, "Nọ́ọ̀sì! Nọ́ọ̀sì o!" títí ohùn rẹ̀ fi há, omijé ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ lọ sínú etí.

Nígbà tí wọ́n rán iwájú orí mi tán, wọ́n gbé mi padà wá bá a. Ó ní kí n sún mọ́ òun. "Àbẹ̀kẹ́, má bá mi bínú. Ẹ̀jẹ̀ tìẹ ń jáde, wọ́n á bá ọ dá a dúró. Tèmi ń wọlé. Tí mo bá dìde, ta ló máa bá mi bẹ̀ ẹ́ kó padà wá?"

Nígbà tí àkókò pé, dókítà gíga náà wá. Ó fi rọ́bà kan di ibi tí awọ náà ti so mọ́ ikùn, ó fún un pinpin kí ẹ̀jẹ̀ ikùn má lè kọjá. Ó jókòó. Àwa náà dúró. Ó fọwọ́ kan awọ náà, ó tún dúró, ó tún fọwọ́ kàn án. Ó mú abẹ́rẹ́, ó gún un díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yọ, róbótó, ó pupa fòò bí ẹ̀jẹ̀ ara líle. Dókítà wo Bàbá, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní, "Ọwọ́ ti ń bọ́ ọ. Ikùn lè lọ sinmi."

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ dára. Nígbà tí wọ́n já a, etí awọ náà lápá àtàǹpàkò dúdú, ó kú, wọ́n sì gé e dànù. Ó pẹ́ kó tó jinná. Nígbà tó wálé, ọwọ́ náà gọ̀: kò mọ gbígbóná, kò mọ títutù. Ó gbé e lé ìkòkò iná lẹ́ẹ̀kan, òórùn ló fi mọ̀. Nítorí awọ ikùn ni, irun ikùn hù lórí rẹ̀. Nígbà tó bá sì sanra, bí ikùn rẹ̀ ṣe ń yọ ni ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ náà ń wú. Ìyá Àgbà máa ń sọ fún àlejò pé, "Tí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ mi ń jẹun níbi iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń wò."

Bẹ́ẹ̀ ni, ó padà síbi iṣẹ́. Ẹni tó háyà ẹ̀rọ yẹn ní kó wá máa ṣọ́ sìmẹ́ńtì fún òun, ó dúpẹ́, kò lọ. Ẹ̀yìnkùlé wa ló wà lójoojúmọ́. Á fi ọwọ́ òsì bu sìmẹ́ńtì tó ti pò, á fi àtàǹpàkò àti ìka méjì tó kù lọ́wọ́ ọ̀tún darí búlọ́ọ̀kù. Búlọ́ọ̀kù á bọ́, á gbé e. Á mọ ògiri kékeré kan, kò ní tọ́, á wó o, á tún un mọ. Àwọn ará àdúgbò ní orí rẹ̀ ti dàrú. Nígbà tó yá, ògiri kan dúró, kò wó o. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, akọ̀wé báńkì Ẹ̀gbẹ́dá wá sílé wa, ó fẹ́ mọ ọgbà yí ilé rẹ̀ ká. Wọ́n sọ fún un pé Bàbá ti di aláàbọ̀ ara. Ó ní, "Ẹni tó wó ògiri mi ni mo fẹ́."

Ìbéèrè tí Bàbá bi dókítà kò kúrò lọ́kàn mi. Òun ni mo gbé lọ sílé ìwé gíga, òun náà ni mo sì ń bá ṣiṣẹ́ dòní. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ fún un nígbà náà, a ti mọ púpọ̀ níbẹ̀ báyìí. Ara wa jẹ́ àkójọpọ̀ sẹ́ẹ̀lì, ohun kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí. Tí sẹ́ẹ̀lì kò bá rí afẹ́fẹ́ tó, á ké. Èròjà kan ló ń tú jáde, òun ni igbe rẹ̀. Èròjà náà á bá omi ara lọ títí á fi kan iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà nítòsí. Sẹ́ẹ̀lì tó bá kọ́kọ́ gbọ́ lára iṣan náà á yọrí síta, á máa wọ́ lọ síhà ibi tí igbe ti ń wá. Àwọn tó wà lẹ́yìn á máa pín, wọ́n á máa tẹ̀lé e, wọ́n á di ihò gbọọrọ. Tí èyí tó ń ti ọwọ́ bọ̀ bá pàdé èyí tó wà nínú awọ ikùn, wọ́n á so pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á kọjá.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, nígbà tó ti darúgbó gan-an, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un.

"Igbe yìí, ṣé ẹ ti gbọ́ ọ?" ó bi mí.

"A ti mọ̀ ọ́n, Bàbá. A tilẹ̀ ń ṣe é nínú ìgò báyìí."

"Ẹ wá fẹ́ fi ṣe kí ni?"

Mo ní a fẹ́ gbé e fún ẹni tí àtọ̀gbẹ ti ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ tí egbò rẹ̀ kò jinná, ká má baà gé e. A fẹ́ gbé e fún ọkàn tí iṣan rẹ̀ ti dí. Mo ní jẹjẹrẹ náà mọ igbe yìí ké, bó ṣe ń jí ẹ̀jẹ̀ mu nìyẹn, a sì ti ní oògùn tó ń dí i lẹ́nu.

"Èyí tí ẹ̀ ń pè wá yẹn, ṣé ó ń jẹ́?"

"Ó ń jẹ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n iṣan tó bá wá ń jò. Tí a bá dákẹ́, ó máa ń gbẹ padà. A ò tíì mọ bí a ṣe máa mú un dúró."

Ó mirí. Ojú rẹ̀ wá yí padà. Láti ọjọ́ tó ti kúrò nílé ìwòsàn ló ti ń sọ fún gbogbo ayé pé òun fi ọkàn pe ẹ̀jẹ̀ wọ ọwọ́ òun. "Ìyẹn ni pé kì í ṣe èmi? Ká ní mo sùn lọ bí òkú, ó máa wá?"

N kò lè purọ́ fún un. Mo ní, "Á wá, Bàbá. Kò mọ ẹni tó lọ́kàn yàtọ̀ sí ẹni tí kò ní."

Ó bá mi bínú. Odindi oṣù kan, tí mo bá kí i, "Hẹn" ló ń dá mi lóhùn. Àwọn ará ilé ní kí n bẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Lọ́jọ́ kan tí mo fẹ́ máa padà síbi iṣẹ́, ó pè mí láti ẹnu ọ̀nà.

"Àbẹ̀kẹ́. Mo ti rò ó. O ní kì í ṣe èmi ni mo pè é. Mo gbà fún ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé, èmi ni mi ò lé e."

Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo lọ. A ò jà mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

A ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ tán, mo padà síbi iṣẹ́. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí mò ń tọ́ nínú àwo ti kú nígbà tí mi ò sí níbẹ̀. Kò sí ẹni tó bá mi fún wọn lóúnjẹ. Ọ̀gá mi ní kí n lọ sinmi, pé iṣẹ́ náà lè dúró di oṣù tó ń bọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bọ aṣọ ọ̀fọ̀, mo wọ aṣọ funfun tí a fi ń ṣiṣẹ́, mo da ohun tó kú nù. Mo fọ àwo, mo sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn.